Telemundo kì í ṣe orúkọ eré

Ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí tí àbúrò mi ń lọ ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ eré. "Ẹ bá wa yí i sí Telemundo" ni wọ́n máa ń wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eré Íńdíà ni wọ́n fẹ́ wò nígbà míì. Ọkọ tó ń parọ́ fún ìyàwó rẹ̀, "Telemundo ló ń ṣe." Ìyàwó tó ń sunkún tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, Telemundo náà ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ti di tiwa, bí gbogbo núdùsì ṣe di Índómì. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ gbé àbúrò mi níbẹ̀, ọmọbìnrin kékeré kan tí wọ́n ń di ṣùkú fún gbójú sókè, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ìlú wo ni Telemundo?" Mo ní Mẹ́síkò ni. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ la jọ pa fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ni Telemundo. Ìlú San Juan, ní erékùṣù Puerto Rico, ni wọ́n ti bí i ní 28 March 1954, nígbà tí Ángel Ramos, tó ni ìwé ìròyìn El Mundo, gbé tẹlifíṣọ̀n WKAQ dìde. "Mundo" ni ayé lédè Sípáníìṣì, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Láti 1898 ni Puerto Rico ti wà lábẹ́ Amẹ́ríkà, láti 1917 sì ni òfin ti ka àwọn ará ibẹ̀ sí ọmọ Amẹ́ríkà. Lónìí, NBCUniversal ló ni Telemundo, Comcast tó fìdí kalẹ̀ sí Philadelphia ló sì ni NBCUniversal. Ọ̀gá kan náà ló ni Telemundo àti NBC, tẹlifíṣọ̀n Gẹ̀ẹ́sì ńlá nì.

Èyí tí à ń wò nílé wa, ìkànnì ọ̀tọ̀ ni. Ní 2013 ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún Áfíríkà lórí DStv. Wọ́n yọ ohùn àwọn òṣèré kúrò, wọ́n fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì sí i, ìyẹn ló fà á tí ọ̀rọ̀ fi máa ń tán tí ẹnu ṣì ń lọ. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé nílé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, torí pé kì í sọ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe ń wò ó. Lọ́dọ̀ tiwa, bí kò bá sọ Gẹ̀ẹ́sì, ta ni yóò jókòó tì í? Kí ìkànnì yẹn tó dé, eré Mẹ́síkò ti ń wọlé wa láti orí tẹlifíṣọ̀n ìjọba. Ibẹ̀ ni mo ti kó àṣìṣe tèmi.

Ta wá ni àwọn tó ń wò ó ní Amẹ́ríkà? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń lọ́ pọ̀, torí orúkọ méjì ni wọ́n ń pè wọ́n: Hispanic àti Latino. Èdè ni Hispanic ń tọ́ka sí: ẹni tí ìran rẹ̀ wá láti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Sípáníìṣì. Ilẹ̀ ni Latino ń tọ́ka sí: ẹni tí ìran rẹ̀ wá láti Amẹ́ríkà ti gúúsù, ti àárín, tàbí àwọn erékùṣù bíi Kúbà. Nítorí náà, ará Bràsíl jẹ́ Latino, ṣùgbọ́n kì í ṣe Hispanic, torí Potogí ló ń sọ. Ará Sípéènì gan-an jẹ́ Hispanic, kì í ṣe Latino. Àwọ̀ ara kò sí nínú rẹ̀ rárá. Ẹni tí wọ́n kó babańlá rẹ̀ láti ilẹ̀ Yorùbá lọ sí oko ìrèké ní Kúbà, tó dúdú bí èmi àti ẹ̀yin, Hispanic ni. Ẹni tí ẹyinjú rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ búlúù, tí baba rẹ̀ wá láti Ajẹntínà, Hispanic náà ni. Nínú ìkànìyàn Amẹ́ríkà títí dé 2020, ìbéèrè ọ̀tọ̀ ni ti Hispanic, ìbéèrè ọ̀tọ̀ ni ti àwọ̀. Lọ́dún yẹn, wọ́n ka Hispanic mílíọ̀nù 62.1, èyí tó fẹ́ẹ̀ tó ẹnì kan nínú èèyàn márùn-ún. Àwọn tí orírun wọn jẹ́ Mẹ́síkò ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ má sì rò pé àlejò ni gbogbo wọn. Texas, California àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó wà láàárín wọn jẹ́ ti Mẹ́síkò tẹ́lẹ̀. Ogun àti àdéhùn ọdún 1848 ló parí bí wọ́n ṣe di ti Amẹ́ríkà. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ pé àwọn ò kọjá ibodè, ibodè ló kọjá àwọn. Nílùú San Antonio, ní Texas, èdè Sípáníìṣì ti wà nílẹ̀ kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé.

San Antonio yìí náà ni tẹlifíṣọ̀n wọn ti bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà gan-an. Raoul Cortez, ọmọ Mẹ́síkò tó ti ní ilé iṣẹ́ rédíò KCOR láti 1946, ló dá KCOR-TV sílẹ̀ ní 1955. Ìkànnì 41 ni wọ́n fún un, ìkànnì 41 náà ló sì fẹ́ pa á. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Tẹlifíṣọ̀n ayé ìgbà yẹn ní bọ́tìnnì tí wọ́n ń yí kiriki, láti 2 dé 13. Ó tán. Ohun tó bá wà lókè 13, ìyẹn UHF, ẹ̀rọ tó wà nílé ọ̀pọ̀ èèyàn kò lè gbé e. Ẹni tó bá fẹ́ wo Cortez ní láti ra àpótí kékeré kan, kó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, kó sì tún wá eríà mìíràn. Ẹ fojú inú wo òṣìṣẹ́ oko tó ti tọrọ owó ra tẹlifíṣọ̀n, tí ẹ tún wá sọ fún un pé ó ku àpótí. Àwọn tó ń polówó ọjà wo iye ilé tó ní àpótí, wọ́n sì pa owó wọn mọ́. Ní 1961, Cortez ta ilé iṣẹ́ náà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Amẹ́ríkà ṣòfin pé gbogbo tẹlifíṣọ̀n gbọ́dọ̀ lè gbé UHF, láti 1964 ló sì di dandan fún àwọn tó ń ṣe é. Cortez ti fi ilẹ̀ sílẹ̀ kí òjò tó rọ̀.

Àwọn tó rà á ni ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀, torí ìtàn Univision, ìkànnì Sípáníìṣì tó ń bá Telemundo figagbága, nìyẹn. Emilio Nicolas, àna Cortez, wà nínú wọn. Rene Anselmo, ọmọ Amẹ́ríkà, wà níbẹ̀. Ẹni tówó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jù ni Emilio Azcárraga Vidaurreta, ọba tẹlifíṣọ̀n Mẹ́síkò, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ di ohun tí a mọ̀ sí Televisa. Wọ́n yí orúkọ KCOR sí KWEX. Ní 1962 wọ́n ṣí KMEX ní Los Angeles. Wọ́n pe àkójọpọ̀ wọn ní Spanish International Network, SIN ní kúkúrú. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn túmọ̀ sí, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe jẹ́ kí orúkọ bẹ́ẹ̀ kọjá.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀: nẹ́tíwọ̀kì àti stéṣọ̀n. Bí NTA ṣe rí nìyẹn. Ìròyìn aago mẹ́sàn-án alẹ́ ń ti ojú kan jáde, NTA Ìbàdàn àti NTA Abẹ́òkúta ń gbé e, lẹ́yìn náà oníkálukú padà sí ètò tirẹ̀. Nẹ́tíwọ̀kì ló ń ṣe ètò. Stéṣọ̀n ló ní òpó àti ìwé àṣẹ. Ní Amẹ́ríkà, FCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ, stéṣọ̀n ló sì ń fún, kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì. Òfin ọdún 1934 sọ pé àlejò, ìyẹn ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, kò gbọ́dọ̀ ní ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú ilé iṣẹ́ tó di ìwé àṣẹ mú. Ogun ló wà lọ́kàn àwọn tó ṣòfin yẹn: wọn kò fẹ́ kí ọ̀tá di ẹnu rédíò wọn mú.

Azcárraga mọ òfin yẹn bí ẹni mọ ojú oorun. Ní ti stéṣọ̀n, ìdá 20 rẹ̀ ló mú, kò lé kan. Ní ti nẹ́tíwọ̀kì, tí kò nílò ìwé àṣẹ, òun ló ni ìpín tó pọ̀ jù. Nẹ́tíwọ̀kì sì ń ra eré lọ́wọ́ Televisa, tirẹ̀ náà ni. Lórí ìwé, ọmọ Amẹ́ríkà ló ni ilé. Ṣùgbọ́n ta ló ń se ọbẹ̀, ta ló ń bu ún? Fún ọdún mẹ́rìnlélógún ni wọ́n fi ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ní January 1986, adájọ́ FCC kan sọ pé àlejò ló ń darí àwọn stéṣọ̀n náà, kò sì yẹ kí wọ́n sọ ìwé àṣẹ wọn dọ̀tun. Ni wọ́n bá tà á. Hallmark, àwọn tó ń ṣe káàdì ìkíni, àti ilé iṣẹ́ olówó kan láti Chicago ló rà á ní nǹkan bí 300 mílíọ̀nù dọ́là. Ní 1987, SIN di Univision.

Ọdún 1986 yẹn náà ni ìjà kan ṣẹlẹ̀ nínú ilé, tí mo fẹ́ràn ju ti ilé ẹjọ́ lọ. Televisa fẹ́ fi Jacobo Zabludovsky ṣe olórí ìròyìn SIN. Èèyàn ńlá ni ní Mẹ́síkò. Òun ló ń ka ìròyìn alẹ́ tí gbogbo ilẹ̀ ń gbọ́ láti 1970. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ti ń ṣèjọba Mẹ́síkò láti bí ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ohun tí ìjọba bá fẹ́ ni ìròyìn yẹn ń gbé. Àwọn oníròyìn SIN ní Miami, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Kúbà tó sá fún ìjọba tí kì í gbọ́ àtakò, sọ pé àwọn ò tún ní bọ́ sábẹ́ irú rẹ̀. Gustavo Godoy, ọ̀gá ìròyìn wọn, kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Zabludovsky kò gorí àga náà mọ́. Àga ìròyìn tó ṣófo níwájú kámẹ́rà, ọmọkùnrin ẹni ọdún 28 kan ni wọ́n gbé lé: Jorge Ramos, tó ti fi Televisa sílẹ̀ ní Mẹ́síkò torí wọ́n ń gé ìròyìn rẹ̀. Ó jókòó níbẹ̀ títí di December 2024. Òun náà ni ẹni tí àwọn ẹ̀ṣọ́ mú jáde nínú ìpàdé oníròyìn Donald Trump ní Iowa, ní August 2015, nígbà tó dìde béèrè nípa àwọn àlejò tí kò níwèé ìgbélùú.

Ìròyìn àwọn ìkànnì yìí kì í ṣe ìròyìn lásán fún àwọn tó ń gbọ́ ọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ohun tí òfin ìwé ìgbélùú tuntun sọ, ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú ẹni tí kò ní íńṣọ́ránsì, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò. Ruben Salazar, akọ̀ròyìn Los Angeles Times tó lọ di ọ̀gá ìròyìn ní KMEX ní 1970, kú sẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Ní 29 August ọdún náà, àwọn ọmọ Mẹ́síkò ní Los Angeles ṣe ìwọ́de lòdì sí ogun Vietnam. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ dàrú, Salazar wọ ilé ọtí kan lọ jókòó. Ọlọ́pàá kan yìn agolo tajútajú wọlé láti ẹnu ọ̀nà, ó sì bà á lórí.

Ẹ padà wá síbi ọ̀rọ̀ ẹni tó ni kí ni. Ní 1992, Jerry Perenchio, onísòwò California, ra Univision ní 550 mílíọ̀nù dọ́là, ó sì mú Televisa àti Venevisión ti Venezuela wọlé pẹ̀lú ìpín kékeré. Ohun tí wọ́n mú wá kì í ṣe owó nìkan: wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn pé eré Televisa, Univision nìkan ni yóò máa gbé e ní Amẹ́ríkà. Ní January 2017 ni FCC wá gbà pé kí àlejò mú dé ìdá 49. Ní January 2022, ọ̀rọ̀ parí síbi tó ti bẹ̀rẹ̀: eré àti ìkànnì Televisa dara pọ̀ mọ́ Univision, wọ́n di TelevisaUnivision, Televisa ló sì ní ìpín tó pọ̀ jù. Bí ọmọ ṣọ́ọ̀bù onídìrí yẹn bá béèrè nípa Univision, Mẹ́síkò tí mo fi dá a lóhùn ì bá tún fẹ́ẹ̀ bá a mu.

Àdéhùn ọdún 1992 yẹn náà ló jẹ́ kí Telemundo dé ṣọ́ọ̀bù onídìrí ní Mọ́kọ́lá, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rí i. Láti 1987 ni Telemundo ti di nẹ́tíwọ̀kì kárí Amẹ́ríkà, NBC rà á ní 2002. Ṣùgbọ́n eré tí àwọn ọmọ Mẹ́síkò fẹ́ jù ti wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ ẹlòmíràn. Kí ni wọ́n máa ṣe? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiwọn: ní Miami, ní Kòlóḿbíà, ní Mẹ́síkò náà. Eré tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, òun ló lè tà á fún ẹni tó bá wù ú. Wọ́n tà á káàkiri ayé, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa. Eré tiwọn sì ní òpin o. Ẹ má fi wé eré Amẹ́ríkà tó lè lọ fún ogójì ọdún. Telenovela, bí wọ́n ṣe ń pe irú eré yìí, ń lọ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdé fún oṣù mélòó kan, ìgbéyàwó á wáyé, ọ̀daràn á kú, ó parí.

Sípáníìṣì wo wá ni wọ́n ń sọ? Ìbéèrè yìí yẹ kó dùn mọ́ Yorùbá. Ní Kúbà àti Puerto Rico, "guagua" ni ọkọ̀ bọ́ọ̀sì. Ní Chile, ọmọ ọwọ́ ni. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ wọ guagua, ẹ ò ríi pé ó di ọ̀ràn! Ní Mẹ́síkò, "camión" ni bọ́ọ̀sì, níbòmíràn ọkọ̀ akẹ́rù ni. Àwọn ìkànnì yìí wá ń kọ́ àwọn òṣèré àti akàròyìn wọn láti sọ irú èyí tí kò ní ìlú, tí etí gbogbo wọn lè gbà, tí orírun rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ó jọ Yorùbá orí rédíò: ará Ìjẹ̀bú ń gbọ́ ọ, ará Èkìtì ń gbọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́ nílé ìyá rẹ̀. Síbẹ̀, ètò tí wọ́n fẹ́ràn jù ní alẹ́ Sátidé láti Miami, Sábado Gigante, ọmọ Chile ló ń darí rẹ̀. Don Francisco ni wọ́n ń pè é. Ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Chile ní 1962, ó gbé e lọ sí Miami ní 1986, kò sì dáwọ́ dúró títí di September 2015.

Owó ńkọ́? Kíka ojú ni owó. Ẹni tó ń polówó ọjà kì í san owó fún ètò, iye ojú tó ń wò ó ló ń san fún. Nielsen ló ń ka ojú ní Amẹ́ríkà, àwọn elédè Sípáníìṣì sì ń ráhùn fún ìgbà pípẹ́ pé wọn kò ka àwọn dáadáa. Ní 1992, Univision àti Telemundo, tí wọn kì í jẹun nínú àwo kan, jọ dáwó fún Nielsen láti dá ètò ìkaye ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún ilé àwọn Hispanic. Ní July 2013, nínú àwọn òǹwòran ọlọ́dún 18 sí 49, Univision gbé ipò kìíní ní oṣù náà, ó ṣáájú àwọn ìkànnì Gẹ̀ẹ́sì ńlá, ABC, CBS, NBC àti Fox.

Bọ́ọ̀lù ló jẹ́ kó hàn kedere jù. Ife Àgbáyé 1994, èyí tí Rashidi Yekini ti di àwọ̀n mú tó ń sunkún ayọ̀ ní Dallas, Amẹ́ríkà ló gbà á lálejò. Lórí Univision, Andrés Cantor, ọmọ bíbí Ajẹntínà, ń fa "goool" títí èémí yóò fi fẹ́ẹ̀ tán nínú rẹ̀. Àwọn tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú Sípáníìṣì fi ìkànnì Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ lọ gbọ́ ọ. FIFA kò gbàgbé. Ní 2011, nígbà tí wọ́n ta ẹ̀tọ́ láti fi Ife 2018 àti 2022 hàn ní Amẹ́ríkà, ìròyìn sọ pé Fox san bí 425 mílíọ̀nù dọ́là fún ti Gẹ̀ẹ́sì, Telemundo sì san bí 600 mílíọ̀nù fún ti Sípáníìṣì. Bọ́ọ̀lù kan náà, orílẹ̀-èdè kan náà.

Ohun kan ṣì kù tí kò dùn mọ́ mi. Bí ẹ bá ń wo telenovela, ẹ ka àwọn dúdú tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì wo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Lára àwọn ọmọ Kúbà tó kọ́kọ́ dé Miami lẹ́yìn 1959 tí ìjọba yí padà nílé wọn, aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù, àwọn ló sì di ẹnu ọ̀nà tẹlifíṣọ̀n mú. Àwọn Lukumí, ọmọ àwọn tiwa tó ṣì ń kọrin fún Yemọja àti Ṣàngó, kò sí lórí àga ìròyìn. Ó di 2017 kí Ilia Calderón, ọmọ dúdú láti ìpínlẹ̀ Chocó ní Kòlóḿbíà, tó jókòó ti Jorge Ramos nínú ìròyìn alẹ́ Univision. Ní oṣù mélòó kan ṣáájú ìgbà yẹn, ó lọ bá olórí kan nínú Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ aláwọ̀ funfun tó kórìíra dúdú, lálejò ní North Carolina láti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ọkùnrin náà bú u sójú, ó ní àwọn máa fi iná lé e jáde. Ó jókòó, ó sì ń bi í ní ìbéèrè lọ.

Ní báyìí, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju Sípáníìṣì lọ, fóònù ni wọ́n sì fi ń wo nǹkan. TelevisaUnivision dá ViX sílẹ̀ fún wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní 2022. Eré Telemundo wà lórí Peacock, ti NBCUniversal lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà nílé ṣì ń fi rìmóòtù wá ìkànnì rẹ̀.

Bí ẹ bá ní ẹbí ní Houston, tí ẹ sì lọ kí wọn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n san owó kankan. Ẹ so eríà lásán mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Univision wà lórí 45, Telemundo wà lórí 47, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn òṣèré tí ẹ mọ̀ lè wà níbẹ̀, ohùn tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu wọn ni yóò ṣàjèjì: tiwọn ni.